Bàbá Mi, Westerhof àti Góòlù Márùn-ún

Bí ẹ bá jókòó ti bàbá mi lónìí, tí ọ̀rọ̀ Clemens Westerhof bá jáde, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé àwọn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Mo ti rí i lójú ọkùnrin yẹn pé iṣẹ́ ló wá ṣe." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó ìgbà ogún, mo sì gbà á gbọ́ títí di ọjọ́ tí màámi tú àṣírí. Wọ́n ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹni tó ju bàtà lu tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n na wá ní márùn-ún, ṣé òun náà ló wá mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Bàbá mi ní bàtà kọ́, sílípáàsì ni.

Ọjọ́ tí màámi ń sọ ni ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ọdún 1990. Èmi ò lè jẹ́rìí sí i, torí ọmọ oṣù díẹ̀ ni mí nígbà náà. Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ nílùú Algiers, àwa la sì kọ́kọ́ pàdé àwọn onílé. Rabah Madjer gbá méjì wọlé, Djamel Menad gbá méjì, Amani fi ọ̀kan kún un. Ẹyọ kan ṣoṣo tiwa, Emmanuel Okocha ló gbá a wọlé, nígbà tí wọ́n ti na wá ní mẹ́rin. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i. Márùn-ún sí ẹyọ kan. Kóòṣì wa ni Westerhof, ọmọ Hólàǹdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí iṣẹ́ lọ́dún 1989.

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà bàbá mi díẹ̀. Ẹni tó bínú lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ní 1980, ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú, Algeria yìí kan náà la na ní 3–0 ní Sùúrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan, a sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1984, Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, kó wa dé àṣekágbá kí Cameroon tó nà wá. Ní oṣù Kejì 1989, Túndé Dísù kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ sí Saudi Arabia. Soviet Union ti na wọ́n ní 4–0, àwọn ọmọ náà dá gbogbo ẹ̀ padà, ó di 4–4, wọ́n fi pẹnárítì borí, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn kò le rárá: nígbà tí Dísù wà níbí, kí la ń wá lọ sí Hólàǹdì?

Ọgbẹ́ ọdún 1989 yẹn náà ò sì tíì jinná. Sam Okwaraji, amòfin tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣubú lulẹ̀ lórí pápá ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ, nígbà tí a ń bá Angola gbá, ó sì kú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, Cameroon dí wa lọ́nà Ife Àgbáyé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí àlejò kan fi dé, tó sì jẹ́ pé márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ fi kí i káàbọ̀ sí ìdíje náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn máa ń fò kọjá bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Nàìjíríà na Íjíbítì ní 1–0. Rashidi Yekini ni. A na Ivory Coast ní 1–0, Yekini náà tún ni. A na Zambia ní 2–0 láti dé àṣekágbá, Uche Okechukwu gbá ọ̀kan, Yekini gbá èkejì. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, a tún bá ara wa níwájú Algeria, nílùú Algiers kan náà. Ẹyọ kan péré ni wọ́n fi nà wá lọ́tẹ̀ yìí, góòlù Oudjani. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ikọ̀ tó gba márùn-ún sílé ò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan wọ àwọ̀n rẹ̀ mọ́ fún odindi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, ó sì bá àwọn tó nà án wàákò dópin. Èmi tí mo ń kọ kóòdù jẹun mọ ohun tí mò ń wò bí mo bá rí irú èyí: ẹnì kan jókòó lóru, ó wá ibi tí àṣìṣe wà, ó sì tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ṣé àwọn èèyàn yí ọkàn padà? Rárá o. Ipò kejì la tún gbà, bí a ṣe gbà á ní 1984, tí a sì gbà á ní 1988. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, Cameroon tó dí wa lọ́nà ń na Argentina ní Ítálì níwájú gbogbo ayé. Bàbá mi ní ìyẹn dun àwọn ju márùn-ún lọ. Ní 1992, ní Senegal, Mútíù Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn, kọ́kọ́ gbá góòlù sí Ghana nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá, inú wa dùn, Ghana dá a padà, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e. Ipò kẹta. Ọdún mẹ́ta ti kọjá, òyìnbó yìí ò tíì gba nǹkan kan.

Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan táwọn èèyàn kọ pé sùúrù la fi ṣe é, pé a mú sùúrù fún Westerhof, sùúrù náà sì so èso. Ẹ má bínú, mi ò gbà. Ta ló mú sùúrù? Ológun ló ń ṣèjọba. Kò sẹ́ni tó bi bàbá mi léèrè bóyá kí Westerhof máa lọ tàbí kó dúró. Ká ní Twitter ti wà ní 1990 ni, tí àwọn aláṣẹ sì ń ka ohun tí à ń kọ síbẹ̀, mo rò pé ọkùnrin náà ì bá ti wà nínú bàálù kó tó di ọjọ́ kejì. Àìlágbára wa ló gbà á là. A wá ń pe ìyẹn ní sùúrù nísinsìnyí.

Bí ẹ bá wá bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni ọkàn yí padà, mo máa mú ọjọ́ 3 oṣù Keje, ọdún 1993. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ni ìjọba Babangida wọ́gi lé ìbò June 12, ìbò tí M.K.O. Abíọ́lá ń jáwé olúborí nínú rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní òpó eré ìdárayá Áfíríkà nítorí owó tó ná lórí bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Algeria wá sí Èkó fún ìdíje láti lọ sí Ife Àgbáyé. Ivory Coast ti nà wá ní 2–1 ní Abidjan, tí a ò bá wá borí lọ́jọ́ yìí, ó parí. Bàbá mi ní kò sí ẹni tínú ẹ̀ dùn ní àdúgbò wa n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn, pé ṣe làwọn kàn tan tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń mu oògùn.

Algeria ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ wo bó ṣe máa rí lára wọn! Algeria, Westerhof, góòlù, gbogbo 1990 ló sáré padà wá sí pálọ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n fún wa ní firíkíìkì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ló dúró ti bọ́ọ̀lù, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn tó máa gbá fún Nàìjíríà nílé. Augustine Okocha lorúkọ rẹ̀, Jay-Jay. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni Emmanuel, ẹni tó gbá ẹyọ kan ṣoṣo wa wọlé ní Algiers lọ́jọ́ ìtìjú yẹn. Jay-Jay gbá a, ó wọlé tààrà, ó di ọ̀mì. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, ó ti di 4–1.

Ìṣirò rẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an, ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín. Máàkì méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí láyé ìgbà yẹn. A tún na Ivory Coast ní 4–1 ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án. Ní oṣù Kẹwàá, a padà sí Algiers, Finidi George gbá góòlù, a gbá ọ̀mì 1–1. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹ̀, máàkì márùn-ún ni tiwa, márùn-ún ni ti Ivory Coast. Góòlù ló yà wá. Mẹ́wàá la gbá wọlé, márùn-ún la gbà. Tiwọn, márùn-ún ni wọ́n gbá wọlé, mẹ́fà ni wọ́n gbà. Mẹ́rin-mẹ́rin ti Sùúrùlérè yẹn ló gbé wa lọ sí Amẹ́ríkà. Ìlú tí wọ́n ti nà wá ní márùn-ún náà la sì ti gba ìwé ìrìnnà.

Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹrin 1994 a gba ife Áfíríkà ní Tunis, Emmanuel Amuneke gbá méjì wọlé sí Zambia tó kọ́kọ́ gbá ọ̀kan, àwọn Zambia tí ikọ̀ wọn kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú létí òkun Gabon lọ́dún tó ṣáájú. Lóṣù yẹn, FIFA to wá sí ipò karùn-ún láyé, orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan ò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Dallas, a na Bulgaria ní 3–0, Yekini di àwọ̀n mú, ó ń sunkún. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ó ku ìṣẹ́jú méjì kí a lé Ítálì lọ, Roberto Baggio dé. Àwọn tó ti ní àwọn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tún ní àwọn ti mọ̀ pé Westerhof ò mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ọkùnrin Ítálì mẹ́wàá ló kù lórí pápá, kí ló dé tí a fà sẹ́yìn? Bàbá mi ṣì ń jà lórí ìyẹn títí dòní. Westerhof lọ lẹ́yìn ìdíje náà, kò sí ẹni tó pẹ́ tó o lórí iṣẹ́ náà láàárín àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e.

Nínú iṣẹ́ tèmi, a ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Git. Gbogbo ìgbà tí o bá yí kóòdù padà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ wo, ta ni, kí ló yí padà. Bí o bá tún un ṣe lónìí, èyí tí o kọ lánàá ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó. Mo máa ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò ní Git, màámi ni Git wọn.

Yẹ̀yẹ́ náà dùn títí di 2013.

Balógun ikọ̀ Westerhof ní 1994 ni Stephen Keshi. Ní oṣù Kọkànlá 2011, wọ́n fi í ṣe kóòṣì, lẹ́yìn tí a kùnà láti dé ìdíje Áfíríkà ti 2012. Kò mú Osaze Odemwingie, kò mú Taye Taiwo. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà ló mú láti líìgì ilé wa, Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́ wà nínú wọn, Sunday Mba náà wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. A gbá ọ̀mì pẹ̀lú Burkina Faso, a gbá ọ̀mì pẹ̀lú Zambia. Lọ́jọ́ tí a bá Ethiopia gbá, mo wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ó kù bí ìṣẹ́jú márùndínlógún, òdo sí òdo, mo dìde, mo jáde. Mo kọ ọ́ sórí Twitter pé kí wọ́n lé Keshi kí Ivory Coast tó bà wá lójú jẹ́. Ojú títì ni mo wà tí mo ti gbọ́ ariwo, pẹnárítì Victor Moses àkọ́kọ́, mi ò sì tíì délé tí ìkejì fi wọlé. Mi ò ronú pìwà dà. Mo ní pẹnárítì lásán ni.

A na Ivory Coast ní 2–1. A na Mali ní 4–1. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, ní Johannesburg, Mba gbá ẹyọ kan wọlé sí Burkina Faso, ife tí a ti ń wá láti ọdún mọ́kàndínlógún dé. Kí n tó lọ jó ní títì pẹ̀lú àwọn yòókù, mo ṣí fóònù, mo wá ohun tí mo kọ nípa Keshi, mo pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Keshi sọ lórí rédíò pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó tó wá yí ọkàn padà. Ohun tó ń dùn ún ni ìròyìn pé wọ́n ti fẹ́ lé òun kó tó di pé a bá Ivory Coast gbá. Ní alẹ́ ọjọ́ tó gba ife, ìyẹn ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Inú mi ò dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí mo mọ̀ pé mo wà lára àwọn tó ń pariwo.

Keshi kú ní Benin lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹfà 2016, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bàbá mi ló pè mí lórí fóònù. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Tunis, nípa bó ṣe máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ tó kù lórí pápá. Mo ní, "Kóòṣì gidi ni, bàámi. Èmi ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pe màámi láti yàrá pé kí wọ́n tètè máa bọ̀, kí wọ́n wá gbọ́ nǹkan.