Kí Ni Ká Pe Iṣẹ́ Tí Ewé Ń Ṣe?

Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo sí Ajílété mọ̀ pé oòrùn dára fún irúgbìn. Ó tún mọ̀ pé bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ lẹ́yìn tí àgbàdo ti ga dé orúnkún, oòrùn kan náà yẹn á di ọ̀tá oko. Bí ewé bá ń lo oòrùn láti pèsè oúnjẹ, kí ló dé tí ebi fi ń pa irúgbìn lásìkò tí oòrùn pọ̀ jù lọ? Ọ̀rọ̀ Yorùbá yòówù tí a bá fẹ́ fi pe iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní photosynthesis, ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a fi dán an wò. Bí kò bá ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti rí ìdáhùn, kí a wá òmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yewa, níbi tí Ajílété wà, gidi. Láti agbègbè ẹnubodè Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ yìí lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni igbó kìjikìji ti já, tí ọ̀dàn fi dé etí òkun ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò, títí dé gúúsù ìlà-oòrùn Gánà. Àlàfo Dahomey ni wọ́n ń pè é. Òjò ibẹ̀ kò tó ti igbó tó yí i ká. Ní Ajílété, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni òjò ń pọ̀, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògọ́sítì láàárín. Bí ìsinmi yẹn bá gùn jù, oko á rí i.

Kí a tó dá ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rùn, ọ̀dá, ọ̀gbẹlẹ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọ̀kan dípò èkejì, ṣùgbọ́n a lè fi wọ́n ya nǹkan sọ́tọ̀. Ẹ̀rùn jẹ́ àkókò tó ń bọ̀ lọ́dọọdún, àgbẹ̀ sì ti ń gbára dì fún un. Ọ̀dá ni kí òjò tó yẹ kó rọ̀ dá. Ọ̀gbẹlẹ̀, tó ní “gbẹ” àti “ilẹ̀” nínú, ni kí omi tán nínú ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò dé. Lórí ilẹ̀ amọ̀ tí a fi koríko bò, ọ̀dá lè ti wọlé kí ọ̀gbẹlẹ̀ má tíì dé. Lórí ilẹ̀ iyanrìn, méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé pọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ ewé dúró. Ìyàtọ̀ yìí yẹ ní pípamọ́ nínú ìwé wa, nítorí òun ló ń fi han àgbẹ̀ pé bí kò tilẹ̀ lágbára lórí òjò, ó lágbára díẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ ewé fúnra rẹ̀, ohun tó máa ń tètè wá síni lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ tó ní “oòrùn” àti “dáná” nínú, bí ìfoòrùndáná. Ó dùn ún gbọ́, ọmọ ilé-ìwé á sì tètè rántí rẹ̀. Àmọ́ ó ṣi ni lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Iná a máa jẹ ọ́síjìn, a sì máa tú kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì jáde. Òdìkejì gan-an ni ewé ń ṣe: kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì ló ń gbà wọlé, ó sì ń tú ọ́síjìn tó yọ lára omi jáde. Bákan náà, ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe ooru. Ẹni tí a bá sọ fún pé ewé ń fi oòrùn dáná yóò rò pé bí oòrùn bá ṣe mú tó ni oúnjẹ yóò ṣe pọ̀ tó, ọ̀dá yóò sì di àdììtú fún un. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ìfìmọ́lẹ̀ṣoúnjẹ. Ó gùn, ṣùgbọ́n a lè tú u palẹ̀ láìsí wàhálà: ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ. “Ṣe” ni o, kì í ṣe “sè”. Omi àti kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì ló ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ sọ di ṣúgà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà ní láti yan tiwọn. Ní 1893, Charles Barnes, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, fẹ́ kí wọ́n máa lo photosyntax. Photosynthesis ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ti àwọn ojú kéékèèké tó wà lára ewé, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. “Ihò” kò tó, torí ihò kì í pa ara rẹ̀ dé. Ẹnu ewé ni mo yàn. Sẹ́ẹ̀lì méjì ló yí ẹnu kọ̀ọ̀kan ká. Kí a pè wọ́n ní ètè. Bí omi bá kún inú ètè, wọ́n á wú, ẹnu á là. Bí omi bá fà, wọ́n á rọ, ẹnu á padé. Ẹnu yìí kan náà ni omi ń gbà jáde lára ewé, èyí tí a lè pè ní ìlàágùn ewé. Nínú omi tí gbòǹgbò ń fà, ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń bá ọ̀nà yìí lọ.

Ní báyìí, ìbéèrè àgbẹ̀ ti ní ìdáhùn. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, irúgbìn a máa pèsè èròjà kan, abscisic acid, tó ń mú kí ètè padé kí omi má baà tán lára rẹ̀. Bí ẹnu bá padé, kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì kò rí ọ̀nà wọlé, ìfìmọ́lẹ̀ṣoúnjẹ á sì dẹwọ́. Ìmọ́lẹ̀ kò sì yé dé. Agbára rẹ̀ tí kò ríṣẹ́ ṣe á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ewé jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ló ń pa ẹnu dé lọ́nà kan náà. Ẹ̀gẹ́ a máa tètè pa á dé, a sì máa wọ́wé, a dúró de òjò, a tún rúwé. Àgbàdo a máa ká ewé rẹ̀ jọ. Kò sì nílò kí ẹnu rẹ̀ là gbagada kó tó rí oúnjẹ ṣe, nítorí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kó kábọ̀n jọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hatch àti Slack ló ṣàlàyé ọ̀nà náà ní Ọsirélíà ní 1966. Oníkábọ̀n-mẹ́rin ni kí a máa pe irú rẹ̀, kí a máa pe ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti kòkó ní oníkábọ̀n-mẹ́ta, nítorí iye kábọ̀n tó wà nínú ohun àkọ́kọ́ tí ewé ń ṣe ni. Síbẹ̀, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá bá àgbàdo nígbà tó ń yọ irun, irun náà á pẹ́ yọ, àtíkè òdòdó á ti dànù, ṣùkù á sì kù sílẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó ní tirẹ̀ a máa la ẹnu lóru, a máa pa á dé lọ́sàn-án.

Igi ńlá tún ní ewu mìíràn: afẹ́fẹ́ lè já wọ inú iṣan tí omi ń gbà gòkè, kí iṣan náà dí. Ìrókò àti tíìkì a máa wọ́wé nígbà ẹ̀rùn láti dín ìlàágùn kù. Ti ọ̀pẹ ló yẹ kí ará Yewa fi sọ́kàn jù. Màrìwò rẹ̀ á kó jọ lórí láìlà, ìtànná akọ á pọ̀ ju abo lọ, àdánù ẹyìn sì lè má hàn títí di bí ọdún méjì lẹ́yìn ọ̀dá. Ní Pọ̀bẹ̀, lódìkejì ẹnubodè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922.

Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ èsì ibẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaròó àti Ayétòrò, Yorùbá sì ni àwọn àgbẹ̀ ìhà méjèèjì ń sọ lóko. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí onímọ̀ èdè, Ayọ̀ Bámgbóṣé, ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò dé oko. Síbẹ̀, ètò tí onímọ̀ ẹ̀kọ́, Babs Fafunwa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà láìrẹ̀yìn.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ OGADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn: ẹ mú ẹnu ewé, ètè, ìlàágùn ewé àti ìfìmọ́lẹ̀ṣoúnjẹ lọ sóko, kí ẹ lò wọ́n níwájú àwọn àgbẹ̀. Èyí tí wọn kò bá gbà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń pè é lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.