Ìdìbò Gómìnà Gẹ́gẹ́ bí Àsọtẹ́lẹ̀ Ìdìbò Ààrẹ: Ẹ̀rí láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ìfáárà
Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú babaláwo dÍfá ọrọọrún. Síbẹ̀, bí a bá ti kéde èsì ìdìbò gómìnà tán, kì í pẹ́ tí a ó fi máa gbọ́ ọ ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù pé ẹgbẹ́ tí ó wọlé ní Òṣogbo ni yóò wọlé ní Àbújá. Iṣẹ́ yìí yẹ ìtàn wò bóyá ó ti èrò yìí lẹ́yìn.

Bí ìdìbò gómìnà ṣe di aṣáájú
Ní oṣù Kẹrin 2007, wọ́n kéde Ọláguńsóyè Oyinlọlá, ọmọ Òkukù, gẹ́gẹ́ bí olúborí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2010, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni ó borí. Láti ọjọ́ kejì tí ó búra ni a ti ń ka ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Nítorí náà, láti 2014, ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ń fi oṣù márùn-ún sí mẹ́jọ ṣáájú ti ààrẹ.

Àyẹ̀wò èsì
A yọ 2007 sílẹ̀ nítorí ìdájọ́ yẹn. Ní 1983 ìdìbò ààrẹ ni ó ṣáájú. Ní 2003 ọjọ́ kan náà ni méjèèjì. Ìgbà mẹ́fà ni ó kù.

Ní 1979, nígbà tí àwọn ìlú wa ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Bọ́lá Ìgè ti ẹgbẹ́ UPN wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Awólọ́wọ̀ borí ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Shagari ni ó di ààrẹ. Ní 1999, Bísí Àkàndé ti ẹgbẹ́ AD wọlé. Olú Fálaè borí ní Ọ̀ṣun, Ọbásanjọ́ sì fi ìbò 18,738,154 borí 11,110,287 tirẹ̀. Ní 2022, Adémọ́lá Adélékè ti PDP fi ìbò 28,344 ṣíwájú. Ní 2023, ìbò 10,421 péré ni Atiku fi ṣíwájú níbí, Tinúbú sì di ààrẹ.

Ìgbà mẹ́ta yòókù bára mu. SDP borí ní 1991, Abíọ́lá sì borí ní 1993, bí ìjọba ológun tilẹ̀ fagi lé e. APC borí ní 2014 àti 2018, Buhari sì wọlé ní 2015 àti 2019.

Ohun tí a rí
Ní ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìdìbò gómìnà sọ ohun tí ìpínlẹ̀ náà yóò ṣe. Ìgbà mẹ́ta péré ni ó bá ti orílẹ̀-èdè mu. Kò yani lẹ́nu: nínú ìbò 15,424,921 tí Buhari ní ní 2015, 383,603 ni ti Ọ̀ṣun, kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà kan rí, Ìpínlẹ̀ Maine máa ń dìbò gómìnà ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ènìyàn ìgbà náà sì gbà pé ibi tí ó bá kọrí sí ni orílẹ̀-èdè yóò tẹ̀lé. Ní 1936, ẹgbẹ́ Republican borí níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48, Maine kò sì sí nínú wọn.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹni tí ó bá ka èsì gómìnà sí àsọtẹ́lẹ̀ lè jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ, tàbí kí ó pariwo olè nígbà tí èsì bá yàtọ̀ sí èyí tí ó ń retí. Èsì Ọ̀ṣun ń sọ ti Ọ̀ṣun. Ìpínlẹ̀ 35 yòókù àti Àbújá ṣì ní ti wọn láti sọ.