Àrùn Takayasu: Nígbà tí Ọrùn Ọwọ́ Kò Bá Lù Mọ́

Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ń fọṣọ, apá rẹ̀ kan sì ti rẹ̀ kí ó tó fọ aṣọ méjì. Bí ó bá sinmi, ìrora náà á lọ. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, á tún padà. Òòyì ń kọ́ ọ, ara rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń rù. Àwọn kan á ní ibà ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Lára ohun tó lè fa irú èyí ni àrùn kan tí kò wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Takayasu. Ó ní ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ilé ìwòsàn ni ìtọ́jú náà ń ṣe láǹfààní jù.

Kí ni àrùn yìí?

Ọlọ́hun (SWT) fi àwọn ọmọ ogun sínú ara wa tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àrùn Takayasu, àwọn ọmọ ogun yìí kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Wọ́n ń bá iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn jà, àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó lọ sí ọrùn, apá àti kíndìnrín. Ògiri iṣan náà á wú, á nípọn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì há. Kì í ràn, kì í sì í ṣe àsàsí.

Mikito Takayasu, dókítà ojú ní Japan, ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1908, lẹ́yìn tó rí iṣan tó ṣàjèjì nínú ojú ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Ní ìpàdé kan náà, dókítà méjì mìíràn, Onishi àti Kagoshima, sọ pé àwọn rí irú rẹ̀ lára aláìsàn tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò lù. Àwọn obìnrin ló ń mú jù, bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú aláìsàn mẹ́wàá.

Báwo ni a ṣe lè fura sí i?

Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ méjèèjì, kí ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní apá méjèèjì. Bí nọ́ńbà òkè ti apá kan bá fi ohun tó ju 10 lọ yàtọ̀ sí ti èkejì, tàbí tí ọwọ́ kan kò lù, kí dókítà wá ìdí rẹ̀. Bí apá méjèèjì bá há, ẹ̀rọ lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò ru, nígbà tó ń ru gan-an nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọ̀dọ́ náà kì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré. Arábìnrin tó bá fẹ́ nọ́ọ̀sì obìnrin lè béèrè, ṣùgbọ́n kí èyí má dá àyẹ̀wò dúró.

Àwọn ará Ìpáò, Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́ lè gba ìwé láti ilé ìwòsàn ìtòsí lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán iṣan ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìtọ́jú rẹ̀

Prednisolone ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, láti pẹ̀tù sí ìjà inú ara. Wọ́n lè fi methotrexate tàbí azathioprine kún un. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, torí oògùn wọ̀nyí lè jí i dìde. Aláboyún kò gbọdọ̀ lo methotrexate. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń la ọ̀nà iṣan tó há.

Prednisolone lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè sọ eegun di aláìlágbára. Síbẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá tàbí nítorí àgbo. Èyí lè pa ènìyàn. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tí a bá pa àrùn náà tì, ó lè já sí rọpárọsẹ̀ tàbí kí ó ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́.

Ààwẹ̀ ńkọ́?

Súrà Baqarah, āyah 184 àti 185, ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn. Bí dókítà bá ní kí ó má gbààwẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sì san án padà nígbà tí ara bá le. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lè san án mọ́, kí ó bọ́ mìsíkínì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ànábì (SAW) pa wá láṣẹ kí á máa wá ìwòsàn. Àdúà kò ní kí á má lo oògùn, oògùn kò sì ní kí á má ṣàdúà. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí ìyàwó tí apá rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ mú un lọ kí wọ́n wọn apá méjèèjì. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.