Ọlọ, Igi Ìdáná àti Gèlè Tó Bọ́: Ìtàn Ìṣètò Ìtàgé láti Gbàgede Ọ̀wọ̀

Lọ́dọọdún, bí ọdún Ìgogo bá ti wọlé, ìlù a dákẹ́ ní Ọ̀wọ̀ fún ọjọ́ 17. Agogo nìkan ló kù tí à ń gbọ́. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè, ìbọn kò gbọdọ̀ dún. Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, fúnra rẹ̀ a di irun bí obìnrin, a kó iyùn sọ́rùn, a sì jó jáde láàárín àwọn ìjòyè rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé aṣọ ìkélé àti iná mànàmáná ló kó ìṣètò ìtàgé wá sílẹ̀ wa. Kí wọ́n wá wo Ìgogo, kí wọ́n tó tún un sọ.

Ọ̀rọnsẹ̀n ni wọ́n ń ṣe ọdún náà fún, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, tí ìtàn fi sí ohun tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn. Obìnrin náà lẹ́wà, ó sì lówó, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ sọ ẹrù igi ìdáná kalẹ̀ níbi tó wà, wọn kò sì gbọdọ̀ da omi sí gbàgede. Àwọn orogún rẹ̀ gbọ́ àṣírí yìí, wọ́n sì ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ló bá sá lọ. Gèlè rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú igbó tí wọ́n ń pè ní Igbó Ọ̀lájà, wọn kò sì rí i mú padà wálé.

Ẹ wo iṣẹ́ tí nǹkan ilé lásán ń ṣe níbẹ̀. Ọlọ, igi àti omi ni gbogbo ohun èlò eré náà. A kò ní láti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé orogún ń jowú. Ilá tó wà lórí ọlọ ti sọ ọ́. Lójú tèmi, gbogbo ìlú tó ṣí orí sílẹ̀ fún ọjọ́ 17 ń bá obìnrin kan sọ gèlè nù ni. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀.

Ibi tí eré ti ń wáyé pẹ̀lú kò kéré. Ààfin Ọ̀wọ̀ ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní ùghà, èyí tí àwọn tó kọ ìtàn ààfin Yorùbá sọ pé ó tó 100 nígbà kan. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan, wọ́n sì fín àwọn òpó tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró ní ère ọba lórí ẹṣin. Kí ọba tó la ẹnu, òpó ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú ilẹ̀ ní Igbó Ọ̀lájà ní 1971, ó rí àwọn ère amọ̀ tí wọ́n ti mọ láti bí ọ̀rúndún 15, èyí tí ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn wà lára wọn. Àwọn tó mọ àwọn ère náà ti mọ bí a ṣe ń gbé ẹ̀rù kalẹ̀ síwájú òǹwòran.

Àkó ló tún wú mi lórí jù. Bí ẹni pàtàkì bá kú ní Ọ̀wọ̀ àtijọ́, wọ́n lè gbẹ́ ère igi tó ga tó ènìyàn, tí ojú rẹ̀ jọ ti olóògbé, kí wọ́n wọ aṣọ olóògbé gan-an fún un, kí wọ́n sì gbé e káàkiri ìlú níbi ìsìnkú kejì. Òṣèré kò sí, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sí, síbẹ̀ gbogbo ìlú mọ ẹni tó ń kọjá.

Eré tí à ń sanwó wò gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà ló ní kí Hubert Ògúǹdé ṣe eré ọgbà Ídẹ́nì, tó gbé jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní oṣù kẹfà 1944. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ alárìnkiri gbilẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń sùn ní ìlú kan lónìí, tó ń jí lọ sí òmíràn lọ́la, kò lè gbé ilé dání. Aṣọ tí a kùn, tí a lè ká sínú lọ́rì, ló bá wọn mu. Nítorí náà ni gbogbo ìwà ẹ̀dá ṣe kó sára òṣèré: aṣọ, irun, àtíkè. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ ṣe Ọba Kò So ní Òṣogbo ní 1963, irun tó dì àti iná tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ló sọ ọ́ di Ṣàngó. Ẹni tó ti Ìgogo bọ̀ kò ní bi í léèrè ìdí tí ọkùnrin fi di irun.

Ọdún kan náà ni Demas Nwoko, tó kọ́ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ìtàgé ní Paris, ṣètò ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ìlú àwọn òkú ti di ohun tí ojú ń rí. Ní 1965, Wọlé Ṣóyínká gbé ẹ̀yìn bọ̀lẹ̀kájà kan sórí ìtàgé nínú The Road, ó sì fi ilé tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Bìní, tó gba Ìfọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ kọjá, tó sì ti rí àwókù ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò nílò àlàyé. Ọkọ̀ yẹn ni kókó eré náà. Professor, olórí ẹ̀dá inú eré náà, kàn ń yí i ká ni.

Ọlá Rótìmí ló dá wa padà sí gbàgede. Ní 1968, nínú ìlú Ifẹ̀, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì, ó gbé The Gods Are Not to Blame jáde ní Orí Olókun. Òǹwòran jókòó yí ká. Ojúbọ Ògún wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Ọdẹ́wálé, ọba inú eré náà, tó mọ ohun tí inú fùfù rẹ̀ ti bà jẹ́. Ohun tí ìtàgé ń sọ yẹn ni akọni náà kò rí, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Fíìmù ilé dé, ó sì kó wa sí pálọ̀. Bí a bá rí àtẹ̀gùn tó lọ́ àti àga aláwọ, ọlọ́rọ̀ ni onílé, ọ̀rọ̀ parí. Ìyẹn kò tan imọ́lẹ̀ sí ìwà ẹnikẹ́ni, àfi ti ẹni tó yá wọn nílé.

Bí wọ́n bá ní kí n gbé Ọ̀rọnsẹ̀n sórí ìtàgé, mi ò ní kun aṣọ kankan. Ọlọ kan lápá ọ̀tún, ẹrù igi lápá òsì, ilẹ̀ tó gbẹ láàárín. Ní ìran ìkẹyìn, ilẹ̀ á tutù, ilá á wà lórí ọlọ, igi á ti fọ́n ká, gèlè kan á sì wà nílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí iná kò mọ́lẹ̀ tó.