Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Gba Windows Tuntun? Ẹ̀kọ́ Láti Ọsibítù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lọ́dún 2017

Ìtàn kọ̀ǹpútà ló kàn lónìí.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí òkè òkun, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí kọ̀ǹpútà Dádì tàbí ti Mọ́mì bá ti sọ pé kí wọ́n gba Windows tuntun, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè. "Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?" Àwọn kan nínú yín á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná." Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá." Ìdáhùn méjèèjì ló ní ìtàn lẹ́yìn.

Nígbà tí Windows 95 jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́gànjọ́ òru kí wọ́n lè rà á. Ní ọdún 2001, Windows XP dé, ó sì bá aráyé lára mu. Àmọ́ nígbà tí Vista dé ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ó wúwo jù fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ò sì bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ ọ́, wọ́n jókòó ti XP wọn títí Windows 7 fi dé ní ọdún 2009. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹ̀kọ́ tí aráyé rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní sùúrù ló gbọ́n. Ẹ̀kọ́ yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tíì pé.

Ohun tó kù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbùlẹ̀. Kò sí Windows tí kò ní ihò. Bí wọ́n bá ti rí ihò kan, Microsoft á fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́ láti dí i. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá dáwọ́ àbùlẹ̀ dúró, ojú rẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà á ṣì tàn, á ṣì ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe lánàá. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni àbùlẹ̀ XP dópin. Ìjọba Britain san mílíọ̀nù 5.5 pọ́n-ùn fún Microsoft kí wọ́n lè rí àbùlẹ̀ gbà fún ọdún kan sí i, wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn ọsibítù pé kí wọ́n ṣètò láti kúrò lórí XP kó tó di oṣù Kẹrin ọdún 2015. Àmọ́ ọsibítù ò rí bí ilé. XP wà nínú àwọn ẹ̀rọ MRI kan àti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọwọ́ àwọn tó ta ẹ̀rọ náà ni àtúnṣe rẹ̀ sì wà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àbùlẹ̀ kan jáde fún ihò ńlá kan. Lóṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, NHS Digital kìlọ̀ fún àwọn ọsibítù pé kí wọ́n lò ó. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọlé. Ó ń ti fáìlì pa, ó sì ń béèrè 300 dọ́là kó tó tú u sílẹ̀, bí àwọn ajínigbé. Ó dé nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè. Ní England nìkan, ó da iṣẹ́ rú fún ó kéré tán 80 nínú 236 àjọ tó ń darí ọsibítù. Wọ́n fojú bù ú pé ó lé ní 19,000 aláìsàn tí wọn ò lè rí dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Ní agbègbè márùn-ún, àwọn tí àìsàn pàjáwìrì kọlù ní láti lọ sí ọsibítù tó jìnnà sí i.

Marcus Hutchins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ju ẹni ọdún 22 lọ, ló rí i pé kòkòrò náà ń wá àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan tí kò tíì ní olówó. Ó forúkọ àdírẹ́sì náà sílẹ̀, kòkòrò náà sì dáwọ́ ìtànkálẹ̀ dúró.

Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé XP ló fà á. Àmọ́ nígbà tí National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé ìròyìn wọn jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. XP kò ju bí ìdá 5 nínú 100 ẹ̀rọ NHS lọ. Windows 7 ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí kòkòrò náà mú, Windows 7 tó ṣì ń gba àbùlẹ̀. Àbùlẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì, wọn ò lò ó.

Ṣé ká máa sáré gba gbogbo tuntun nígbà náà? Rárá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé ẹ̀dà ńlá tuntun ti Windows 10 jáde, ó sì pa fáìlì àwọn kan rẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dá a dúró, oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó tún gbé e jáde. Ẹni tó ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan ò pàdánù nǹkan kan.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Àbùlẹ̀ kò gba kí á fi falẹ̀. Kó má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Windows tuntun pátá lè dúró fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, bí èyí tí ẹ ń lò bá ṣì ń gba àbùlẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi Mọ́mì kì í ṣe pé "Ṣé ó ti gbó?" bí kò ṣe pé "Ṣé wọ́n ṣì ń tún un ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa gan-an. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí àbùlẹ̀ ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nílé rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní àfikún, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Bí kọ̀ǹpútà wọn bá lè gba Windows 11, ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fọ́tò àti ìwé wọn kọ síbòmíràn, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lè gbà á, ẹ lè gbé Linux sórí rẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá jù ú nù. Bí èyí náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í wọ àkáǹtì báńkì mọ́.

Ìjáfara léwu. Ẹ pe ilé lónìí, kí ẹ béèrè Windows tí wọ́n ń lò. Ó dìgbà kan ná o.