Ṣé Èpè Aólẹ̀ Ló Fọ́ Ilẹ̀ Yorùbá?

 

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́, la ti gbọ́ ọ níbi àìsùn tí wọ́n ń gbàdúrà pé kí Olúwa já èpè Aólẹ̀ kúrò lórí ọmọ Yorùbá. Bí òṣèlú bá dàrú, èpè Aólẹ̀ ni. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń bára wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ bàbá wọn, èpè Aólẹ̀ náà ni. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ìtàn náà ná, ká lè mọ ohun tí à ń bẹ Ọlọ́run fún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, Samuel Johnson, ló kó o jọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921.

Ní nǹkan bí ọdún 1789 ni Aláàfin Abíọ́dún wàjà, tí Aólẹ̀ gorí ìtẹ́. Ọkùnrin gíga tó rẹwà ni. Ṣùgbọ́n ó gbé ìkùnsínú wọ ààfin.

Kó tó jọba, oníṣòwò ni, ó sì máa ń ná ọjà Àpòmù. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀ lọ́jà yẹn, àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n sì ń jí jù. Abíọ́dún ránṣẹ́ sí Olówu àti Ọọ̀ni pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ọọ̀ni náà pàṣẹ fún Baálẹ̀ Àpòmù pé kó máa ṣọ́ ọjà rẹ̀. Kí ni Aólẹ̀ ṣe? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn ló tà, ó fi gba ọjà! Baálẹ̀ gbọ́, ó ra ọ̀rẹ́ náà padà, ó sì ní kí wọ́n na Aólẹ̀ nínà gidi.

Ẹ wò ó dáadáa. Àṣẹ tó ti ọ̀dọ̀ Aláàfin wá ni Baálẹ̀ yìí ń mú ṣẹ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ló gbà lóko ẹrú.

Àṣà ayé ìgbà yẹn ni pé ọba tuntun á dárúkọ ọ̀tá rẹ̀, kí wọ́n lè jagun àkọ́kọ́ fún un. Aólẹ̀ ní Àpòmù ni. Baálẹ̀ sá lọ bá Ọọ̀ni ní Ifẹ̀. Nígbà tó rí i pé Ọọ̀ni gan-an ò lè gba òun sílẹ̀, ó pa ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ fi tu ọba nínú.

Kò tán síbẹ̀ o. Baṣọ̀run Aṣamu gba ẹrù oníṣòwò Haúsá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba, Àlùkùránì ọkùnrin náà sì wà nínú rẹ̀. Ọba ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n dá ẹrù padà, wọ́n ní àwọn ò rí Àlùkùránì. Nínú ìlú rẹ̀ gan-an! Ọba tó lè mú kí Baálẹ̀ Àpòmù kú, kò lè gba ìwé kan lọ́wọ́ ìjòyè rẹ̀.

Ó kan Àfọ̀njá ti Ìlọrin, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọba fẹ́ kó kú, àmọ́ kò lè kò ó lójú. Ó wá ní kí ogun lọ sí Ìwéré, ìlú orí òkè tó ṣòroó gbà, tó tún jẹ́ ìlú ìyá Aláàfin Ajagbó. Kakaǹfò tí wọ́n bá sì rán lógun, bí kò bá ṣẹ́gun, òkú rẹ̀ ló máa wálé. Àfọ̀njá àtàwọn ìjòyè mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ìwéré, ogun yíjú padà. Wọ́n pa àwọn èèyàn ọba, wọ́n wá dó ti Ọ̀yọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, àwa ará Àkúrẹ́ rí i bí ìjọba ṣe ti Alágbàká yìí rọ Déjì kan lóyè. Ìkéde ni wọ́n fi ṣe é. Ti Aólẹ̀ kì í ṣe ìkéde. Igbá òfìfo tí wọ́n fi ọmọrí dé ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí i, orí ọba ni wọ́n sì ń retí nínú rẹ̀.

Aólẹ̀ jáde sí àgbàlá ààfin pẹ̀lú àwo amọ̀ àti ọfà mẹ́ta. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì gbé wọn ṣépè pé ibi tí ọfà òun lọ ni wọ́n á kó wọn lẹ́rú lọ. Ó wá fọ́ àwo náà mọ́lẹ̀, torí igbá tó fọ́ ṣeé gán, àwo tó fọ́ kò ṣeé gán. Lẹ́yìn náà ó jẹ májèlé, ó kú, ní nǹkan bí 1796.

Ó dáa, wọ́n ní èpè náà jà. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe jà. Adébọ̀ àti Màkú tó jọba tẹ̀ lé e, ìkankan nínú wọn ò lo ọdún kan. Àfọ̀njá ya Ìlọrin sọ́tọ̀, ó ké sí Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ó sì ń kó àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn jọ ṣe ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ogun yẹn náà ló pa á ní nǹkan bí 1824, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di Ẹ́míà. Ní Àpòmù kan náà yẹn, ìjà lórí ataare di ogun tó pa Òwu run. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

Ẹ̀yin ará, èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni ọfà ṣe? Ọwọ́ èèyàn ni gbogbo rẹ̀. Rehoboamu ọmọ Solomoni náà, ta ló ṣépè fún un? Ìdáhùn líle tó fún àwọn èèyàn rẹ̀ ló lé ẹ̀yà mẹ́wàá lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1821, nínú rògbòdìyàn yẹn, wọ́n kó ọmọkùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Ṣé ẹ rí i, ohun tí Aólẹ̀ wí gẹ́lẹ́ ló bá ọmọ náà. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ajàyí Crowther ni. Òun ló ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Bíbélì tí à ń gbé lọ síbi àìsùn láti lọ já èpè Aólẹ̀, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ló bá wa túmọ̀ rẹ̀. Èpè tí Ọlọ́run ti sọ di báyẹn, kí ló tún kù tó ń bà wá lẹ́rù?

Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni Àpòmù. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ìgbéga níbi iṣẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ẹbí, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin: ta lẹ kọ́kọ́ rántí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé ipò náà? Ṣé ẹni tó bá yín wí nígbà tẹ́ ẹ ṣe àìdáa ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Baálẹ̀ Àpòmù yín sílẹ̀. Ẹ pè é lónìí, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Olúwa ò ní jẹ́ ká fi oyè wa gbẹ̀san. Kò ní jẹ́ ká gba igbá òfìfo. Ní orúkọ Jésù. Àmín.