ÀJỌṢE ONÍṢÈGÙN ÌBÍLẸ̀ ÀTI DÓKÍTÀ LÓRÍ ÀRÙN ỌPỌLỌ: LÁTI ARÓ DÉ ÌBÀDÀN

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni ìtàn bí àwọn dókítà àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe pa ọwọ́ pọ̀ tọ́jú alárùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Aró ní ìlú Abẹ́òkúta ni àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin pípa ìtọ́jú méjì pọ̀ àti dídán àpapọ̀ náà wò láti mọ̀ bóyá ó sàn ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Bí a kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìyìn ni a ó máa pè ní ẹ̀rí.

2. Ètò abúlé ní Aró

Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró. Àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká gba aláìsàn sílé, wọ́n sì ń gba owó ilé. Ó di dandan kí mọ̀lẹ́bí kan bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sán, aláìsàn a lọ gba oògùn ní ilé ìwòsàn. Ní alẹ́, a padà sí àárín àwọn ènìyàn. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí iṣẹ́ náà.

Ó rọrùn láti sọ pé dókítà ni ó ń wo ara, tí oníṣègùn sì ń wo ọkàn. Ìtàn kò gbè é. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró ní ìparí àwọn ọdún 1950, rí i pé àwọn oníṣègùn Yorùbá ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Igi yìí bá èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù yọ oògùn reserpine jáde lára rẹ̀ ní 1952 tan. Oníṣègùn ń fi egbò igi wo ara. Dókítà sì ń fi abúlé àti ẹbí tu ọkàn nínú.

Ní 1961, àwọn onímọ̀ àrùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Abẹ́òkúta, òkìkí Aró sì kàn. Síbẹ̀, a kò pín àwọn aláìsàn Aró sí ọ̀nà méjì kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá oògùn ni, tàbí mọ̀lẹ́bí, tàbí oníṣègùn.

3. Ìdánwò ti Ìbàdàn àti Kumasi

Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe ohun tí Aró kò ṣe. Ní 2016 àti 2017, wọ́n fi ìbò pín ibùdó ìwòsàn àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti ẹlẹ́sìn 51 ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà sí ọ̀nà méjì. Aláìsàn 307 ni ó kópa. Ní apá kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ń bá oníṣègùn tọ́jú aláìsàn ní ibùdó oníṣègùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ìwọ̀n àmì àìsàn jẹ́ 53.4 ní apá àjọṣe, ó sì jẹ́ 67.6 ní apá kejì. Bí iye náà bá ṣe kéré tó ni àìsàn ṣe fúyẹ́ tó. Ìwé ìròyìn Lancet gbé àbájáde náà jáde ní 2020.

Ọ̀ràn kan kù. Ìwà ìpalára bíi fífi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn àti nínà dínkù ní apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó dájú kò sí láàrin wọn. Àjọṣe mú àìsàn fúyẹ́; a kò lè sọ pé òun ni ó tú ìdè.

4. Àgbálọgbábọ̀

Aró fi hàn pé àjọṣe ṣeé ṣe; Ìbàdàn àti Kumasi fi hàn pé ó ṣàǹfààní. Ní agbègbè bíi Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgàńdò, tí ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn sì wà ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá, àwọn ẹbí ti ń pa ìtọ́jú méjèèjì pọ̀ fúnra wọn. Ohun tí ìtàn yìí béèrè ni kí àwọn tí ń tọ́jú náà mọ ara wọn, kí ẹnìkan sì máa ṣọ́ ẹsẹ̀ tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí.